Ta Ni Yóò Bi Abèèrè Léèrè?

Nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, oníbodè kan wà láàárín ọ̀run àti ayé tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dá kankan kọjá láìjẹ́ pé ó dá a dúró, kí ó sì bi í léèrè ibi tí ó ń lọ, ohun tí ó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, àti iye ọjọ́ tí yóò lò kí ó tó padà. Bí ẹ̀dá bá sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ tán, oníbodè á fi àṣẹ sí i, ọ̀rọ̀ náà á di ìpín, Ọ̀rúnmìlà ẹlẹ́rìí ìpín á sì jẹ́rìí sí i. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa gbà pé kété tí a bá sin òkú tán, tí àwọn tí ó sin ín bá kẹ́yìn sí ibojì, máláíkà méjì, Mùńkárì àti Nàkírì, yóò wọlé tọ̀ ọ́ lọ láti bi í nípa Olúwa rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ àti òjíṣẹ́ tí a rán sí i. Onígbàgbọ́ tí ó bá sì ṣí ìwé Jẹ́nẹ́sísì yóò rí i pé ohùn àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run fi kan Ádámù létí lẹ́yìn tí ó jẹ èso èèwọ̀ kì í ṣe ègún rárá; ibi tí ó wà ni Ó kọ́kọ́ bi í.

Olódùmarè arínúróde kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí Ádámù júwe ìdí igi tí ó sá sí fún Un. Àwọn máláíkà kò wá kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu òkú. Oníbodè, tí ẹgbàágbèje ẹ̀dá ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, mọ ọ̀nà ayé ju ẹni tí ń lọ síbẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àìmọ̀ nìkan ni a ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀, a jẹ́ pé gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí kò nídìí. Èrò tèmi ni pé irú ìbéèrè kan wà tí kò bá ìmọ̀ lọ, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rí ni ó ń gbà: a ń bèèrè kí ẹni tí a fi nǹkan ṣọ́ lè fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tí ó fi í ṣe, kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò nínú ikùn rẹ̀, níbi tí ó ti lè yí i bí ó ti wù ú, kí ó bọ́ sí gbangba níbi tí kò ti ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Ẹyin lohùn, bí ó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó.

Irú ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn aṣòfin ń bi mínísítà, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi bá àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣe nígbà tí wọ́n bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé eré lásán ni, pé ẹni tí ń bèèrè ti mọ ìdáhùn kí ó tó dìde, pé ẹni tí ń dáhùn náà ti ka tirẹ̀ sórí láti ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a máa wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tí mínísítà sọ yóò lè mú un bí ọ̀la bá dé, àti ohun kan tí ó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, tí ó sì jẹ́ ìdí àròkọ yìí: kí ni ẹni tí ń bèèrè fi lélẹ̀ ní tirẹ̀?

Ilé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé tí a ti ń ṣe é pẹ́ jùlọ nínú àwọn tí mo mọ̀, bí a sì ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ yóò yé ará Ìbàdàn àti ará Àbújá láìsí ògbufọ̀. Ní ọdún 1720, iye ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní South Sea Company já wálẹ̀ lójijì, owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1721, ìròyìn kàn pé Robert Knight, akápò ilé-iṣẹ́ náà, ti sá kúrò nílùú. Ìjòyè kan, Earl Cowper, dìde nínú ilé ìgbìmọ̀ àgbà, ó sì bi ìjọba bóyá òótọ́ ni ohun tí òun gbọ́. Ìbéèrè yìí ni àwọn ará ibẹ̀ kà sí àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ nínú ìtàn ilé náà. Akápò kó ẹrù, ó sá lọ, àgbàlagbà kan sì dìde láàárín àwùjọ pé kí àwọn tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ wá wí tẹnu wọn: ta ni nínú wa tí kò mọ irú rẹ̀?

Lónìí, láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, wákàtí bí ẹyọ kan ni ilé aṣòfin kékeré wọn máa ń yà sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún ìbéèrè, tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń pín in láàárín ara wọn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí olórí ìjọba fúnra rẹ̀ sì ń dìde dáhùn ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Aṣòfin yóò ti fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, wọn yóò ṣẹ́ kèké láti mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ wáyé, àwọn òṣìṣẹ́ ọba yóò sì jókòó ti mínísítà, wọn yóò kọ ìdáhùn fún un, wọn yóò tún kó ìwé jọ sínú fáìlì lórí gbogbo ohun tí wọ́n rò pé ó lè tẹ̀ lé e. Ìbéèrè tí a kọ sínú ìwé kì í sábà gún ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí ń mú ènìyàn làágùn ni ìkejì, tí aṣòfin kì í kọ sílẹ̀ tí kì í sì í wí fún ẹnikẹ́ni kí ó tó dìde, torí pé nígbà náà ni mínísítà yóò máa ṣí fáìlì wéréwéré, tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa wá ojú ewé kan tí ó lè máà sí níbẹ̀, tí gbogbo ilé yóò sì máa wo ojú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan wá láti ilé náà tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọkàn mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1967, ìgbìmọ̀ ìjọba Harold Wilson fẹnu kò pé àwọn yóò já iye owó pọ́n-ùn wálẹ̀, láti dọ́là 2.80 sí dọ́là 2.40, ṣùgbọ́n a kò níí kéde rẹ̀ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí bí àwọn oníṣòwò owó bá gbọ́ ọ ṣáájú, wọn yóò sáré ta pọ́n-ùn wọn, wọn yóò sì kó àpò ìlú gbẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ 16 náà gan-an, Robert Sheldon, aṣòfin tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà pẹ̀lú ìjọba, dìde, ó sì bi James Callaghan, mínísítà ìṣúná, nípa ìròyìn pé ìjọba ń yá owó ńlá ní òkèèrè. Ẹ wo irú ìdè tí Callaghan kó sí. Bí ó bá ní owó ń bọ̀, irọ́ ni. Bí ó bá ní kò sí owó tí ń bọ̀, àṣírí tú. Ó yí ọ̀rọ̀ náà po, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn oníṣòwò owó sì ka ìtumọ̀ sí yíyípo náà. Ní ọjọ́ kejì, ilé ìfowópamọ́ ìjọba ń da owó òkèèrè sílẹ̀ bí ẹni ń da omi láti fi gbé pọ́n-ùn dúró, kí ó tó di pé a kéde ní ọjọ́ 18. Kí oṣù tó parí, Callaghan ti fi iléeṣẹ́ ìṣúná sílẹ̀ bọ́ sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó purọ́? Àwọn kan ní ó yẹ. Wọ́n ní irọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí yóò gba owó gbogbo ìlú sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1994, mínísítà kan tí ń jẹ́ William Waldegrave jókòó níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin, ó sì wí gbangba pé ìgbà díẹ̀ wà tí ó di dandan kí mínísítà sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nínú ilé; ọ̀rọ̀ Callaghan yìí ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ariwo sì ta. Èmi kò bá a gbà. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ, àgbà tí ó bá sì pa ẹnu mọ́ nítorí ìlú kò jẹ̀bi níwájú èèyàn tàbí níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dákẹ́ jẹ́ kí o mọ̀ pé ohun kan wà tí òun kò sọ, nígbà tí ẹni tí ó purọ́ ti gba ìmọ̀ náà pàápàá lọ́wọ́ rẹ. Èwo tilẹ̀ ni ìgbà díẹ̀ náà? Mínísítà nìkan ni yóò dá a mọ̀, òun nìkan ni yóò sì ṣe ìdájọ́ rẹ̀, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sí.

A rí ibi tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ń yọrí sí nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun Belgrano. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1982, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Argentina ń jà lórí àwọn erékùṣù Falkland, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì rì ọkọ̀ náà, ènìyàn 323 sì bá a lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, John Nott, mínísítà ètò ààbò, sọ fún àwọn aṣòfin pé ọkọ̀ náà ń sún mọ́ àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ ní ti gidi ni pé ó ti kọrí sí ọ̀nà ilé láti ìgbà díẹ̀ kí a tó yin ín. Aṣòfin kan, Tam Dalyell, ọkùnrin ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì tí orí rẹ̀ le bí òkúta, di ọ̀rọ̀ náà mú fún ọdún méjì gbáko, ó ń bèèrè, wọ́n ń dá a lóhùn, kò sì gba ìdáhùn wọn, títí ọ̀pọ̀ fi rò pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ yí i lórí. Ẹni tí a pè láti kọ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ọba kan tí ń jẹ́ Clive Ponting. Ponting ní kí a sọ òótọ́. Wọn kò gbà. Ó sì kó ìwé sínú àpò lẹ́tà, ó fi ránṣẹ́ sí Dalyell.

Wọ́n fà á lọ sí ilé ẹjọ́. Adájọ́ wí fún àwọn ará ìlú méjìlá tí a kó jọ láti dá ẹjọ́ náà pé ire ìlú kò ju ohun tí ìjọba tí ó wà lórí oyè bá pè ní ire ìlú lọ. Àwọn méjìlá náà jókòó, wọ́n gbìmọ̀, wọ́n sì dá Ponting sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1985. Mo máa ń ronú sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí, tí a kò mọ orúkọ wọn, tí wọn kò sì kọ ìwé kankan lórí ọ̀rọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n tí wọ́n rí i kedere pé ìlú ti wà kí ìjọba tó dé, yóò sì wà lẹ́yìn tí ìjọba bá lọ. Ohun tí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ dùn mí ni pé rírì ọkọ̀ náà lè máà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ogun. Ọ̀gá tí ó wa ọkọ̀ Belgrano fúnra rẹ̀ wí lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ohun ogun ni. Òótọ́ ìbá ti gbà wọ́n. Irọ́ tí a pa láti fi bo ohun tí kò nílò ìbòrí ni ó sọ ọ́ di àbààwọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí àwọn tí ń bèèrè fi lélẹ̀. Dalyell fi orúkọ rere rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ponting fi iṣẹ́ rẹ̀ àti òmìnira rẹ̀ lélẹ̀. Ohun tí mo ń wá dé rèé, àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ sì ti mọ̀ ọ́n kí òyìnbó kankan tó dé.

Aláàfin, ikú bàbá yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, kò sí ẹni tí ń na ìka sí i ní gbangba pé kí ó wá ròyìn ìṣe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni a ń bi í láyé ìgbà náà. Lọ́dọọdún, ní àjọ̀dún Ọ̀run, gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn tí a tẹ̀ ní 1921, Basọ̀run a máa bá ọba bọ orí, yóò sì da obì láti mọ̀ bóyá orí ọba ṣì gbà pẹ̀lú ìlú. Bí ìdáhùn kò bá sunwọ̀n, tí àwọn Ọ̀yọ́mèsì, ìgbìmọ̀ ìjòyè tí Basọ̀run ṣe olórí, sì ti pinnu, a gbé ẹyin odídẹ́ ránṣẹ́ sí i, ọba a sì mọ̀ pé ó tó àkókò láti lọ sùn. Ìyà ńlá ni fún ẹni tí a bi, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tún sọ ohun kan tí ó mú mi jókòó dáadáa nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: bí ìlú bá kọ Aláàfin, ọ̀kan nínú àwọn Ọ̀yọ́mèsì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹ ò rí i bí ọgbọ́n ti jinlẹ̀ tó? Ìgbìmọ̀ tí yóò bi ọba léèrè títí dé ojú ikú ní láti mọ̀ pé ikú náà yóò ya ilé ọ̀kan nínú wọn kí ó tó padà. Kò sí ẹni tí yóò fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Basọ̀run Gáà ni ó ba àdéhùn yìí jẹ́. Ó gba agbára ìbéèrè, ó sọ ọ́ di idà ilé ara rẹ̀. Ju Aláàfin kan lọ ni ó rán sọ́run, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ káàkiri bí ẹni pé ilẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ oko àgbàbọ̀ baba wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè bi í pé kí ló dé. Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún àti Ọ̀yáàbí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, dìde sí i ní nǹkan bí ọdún 1774, ẹ̀yin náà mọ bí ó ti parí. Bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́: ọmọ kékeré ń pa á lówe dòní.

Ní ayé òṣèlú tí a ti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà, irú àdéhùn yìí kò tíì kú tán ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé. Adégòkè Adélabú jẹ́ mínísítà ní ìjọba àpapọ̀, ó tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn; wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí ìṣàkóso ìgbìmọ̀ ìlú náà, ìwé ìwádìí jáde ní 1956, Adélabú sì fi ipò méjèèjì sílẹ̀. Lọ́dún náà gan-an ni ó di olórí alátakò nínú ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, níbi tí àwọn mínísítà tí òun yóò máa bi léèrè ti jókòó sí òdìkejì rẹ̀, ojú kan ojú. Ẹni tí a ti bi rí ni ó ń bèèrè. Ará ọjà pàápàá ń tẹ́tí sí wọn. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí wọ́n ní ó sọ sí ìjọba nínú ilé náà ni àwọn ará Ìbàdàn gbé lọ sọ́jà tí wọ́n ń pè ní pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì títí dòní.

Láti 1979, a pa irú ètò ilé aṣòfin yẹn dà. Nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 tí à ń lò báyìí, aṣòfin tí a bá sọ di mínísítà ti fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni abala 147 wí. Abala 67 gba mínísítà láyè láti wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé, abala 88 fún àwọn aṣòfin lágbára láti wádìí kí wọ́n lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìfiṣòfò, abala 89 sì gbà wọ́n láàyè láti ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Agbára yìí tó, ó ṣẹ́kù. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ohun tí abèèrè fi lélẹ̀, nítorí kò sí ọjọ́ kan tí mínísítà náà yóò yí padà sí i láti bi òun náà léèrè.

Ọjọ́ kan wà tí mínísítà kan gbìyànjú rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2020, ní Àbújá, ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin kan ń wádìí owó tí àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta ná. Adelé ọ̀gá àgbà àjọ náà dákú lórí ìjókòó níbi tí wọ́n ti ń bi í léèrè, gbogbo ìlú sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ó kan mínísítà tí ń bójú tó àjọ náà, Godswill Akpabio, tí wọ́n bi í nípa àwọn iṣẹ́ tí à ń gbé fún agbaṣẹ́ṣe, ó wí pé àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gan-an ni iṣẹ́ náà pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Alága tí ó wà lórí àga lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Ó ní kí ó pa gbohùngbohùn rẹ̀. Àwọn aṣòfin sẹ́, olórí ilé ní kí mínísítà dárúkọ àwọn tí ó ń sọ, awuyewuye sì gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ̀rọ̀ alága náà di àwàdà ní gbogbo ìgboro.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. N kò wí pé òótọ́ ni mínísítà sọ, n kò sì wí pé irọ́ ni. Ìwádìí nìkan ni ó lè là á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀sùn wọlé láti ẹnu ẹni tí àwọn fúnra wọn pè láti wá sọ̀rọ̀, ìbéèrè yí padà kan ẹni tí ń bèèrè, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ rántí ni gbohùngbohùn. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹnìkan lè bi mí pé bí ó bá jẹ́ ẹni mímọ́ nìkan ni yóò máa bèèrè, ta ni yóò kù? Kò sí. Ìwà mímọ́ kọ́ ni mo ń wá lọ́wọ́ aṣòfin. Mo fẹ́ kí ó ṣeé bi ni. Alága ọjọ́ náà ìbá ti wí pé, “Mínísítà, ẹ dárúkọ wọn, bí tèmi bá wà níbẹ̀, ẹ dárúkọ èmi náà,” kí ó tó dìde kúrò lórí àga fún ẹlòmíràn láti parí iṣẹ́ náà. Ìbéèrè rẹ̀ ì bá wúwo ju ọgọ́rùn-ún abala òfin lọ.

Aṣojú 360 àti sẹ́nétọ̀ 109 ni a rán lọ sí Àbújá, ẹnìkan sì wà nínú àwọn 360 àti ẹnìkan nínú àwọn 109 tí ó jẹ́ pé ìbò ìwọ tí ń ka ìwé yìí wà lára ohun tí ó gbé e débẹ̀. Nígbà tí ó bá tún wá sílé fún ọdún tàbí òkú, tí a bá ti jẹun tán, má ṣe bi í nípa mínísítà kankan. Bi í ní iṣẹ́ tí a gbé fún un, ẹni tí ó ṣe é, àti ibi tí a lè lọ wò ó.